Lẹ́tà Mọ́kànlá Tí Òjò Bà Jẹ́

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Keje, 2025

Ìjì ọ̀sán òní ká páànù mẹ́ta kúrò lórí yàrá Màmá. Èmi àti òun ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó jà, a ń bá wọn ṣe ìpàdé ìkórè. Nígbà tí a fi máa délé, omi ti mu mátírẹ́ẹ̀sì yó, ó sì ń kán sórí aṣọ. Mo ń sáré kó aṣọ, àmọ́ Màmá kò béèrè aṣọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń lọ, ó ní, "Páálí bàtà mi ńkọ́? Èyí tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù."

Ó ti rin gbingbin. Àwọ̀ páálí náà ti ṣàn wọ inú gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀: lẹ́tà mọ́kànlá tí Bàbá kọ sí i nígbà tí Bàbá ń ṣe tíṣà ní Sókótó, tí òun ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀fọ̀n, àti ìwé oko Bàbá, èyí tó fi ń kọ iṣẹ́ oko rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọdún mẹ́sàn-án tí Bàbá ti kú. Ó gba páálí náà lọ́wọ́ mi. Ó fọwọ́ ya àwọn lẹ́tà náà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó da ojú gbogbo wọn délẹ̀ kí n má bàa rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje

Kápẹ́ńtà ti kan páànù padà. Ìwé ti gbẹ.

Màmá gbé àga síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, ó gbé dígí tó ń mú nǹkan tóbi sí ojú òsì, èyí tó ṣì ń ríran díẹ̀. Dókítà ojú ní Adó ti sọ fún wa lóṣù tó kọjá pé gùlàkómà ti mú ojú ọ̀tún lọ pátápátá, pé ohun tí ojú òsì ń rí kò ju ohun tí èèyàn lè rí láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ lọ, àti pé oògùn tí à ń kán sí i ló ń dì í mú. Ó ní kí a má retí pé yóò rí báyìí di ọdún tó ń bọ̀.

Ó wo lẹ́tà kan fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó yá, ó gbé dígí náà sílẹ̀.

"Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìsàlẹ̀ odò lẹ́yìn òjò."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa kà á sí yín létí."

Ó yíjú sí mi bí ẹni pé mo sọ̀kò lu ọmọlẹ́yìn Jésù. "Ohun tí ọkọ kọ sí aya rẹ̀ kì í ṣe ìwé kíkà kíláàsì, Olúfúnmiláyọ̀."

"Kí n pe àbúrò yín láti Ìjurìn?"

"Kò sẹ́ni tí yóò kà á. Bí n kò bá lè fi ojú ara mi kà á, ó parí nìyẹn."

Mo gún iyán. Kò fẹnu kàn án.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Keje

Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní kọ̀ǹpútà lónìí, bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán sójú fèrèsé kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún un, ni ọ̀rọ̀ náà sọ sí mi lọ́kàn. Ohun tí mo fi ń ṣeré fún wọn, tí mo fi ń sọ ewé di pupa, tí mo fi ń sọ ojú ọ̀run di dúdú, ṣé kò lè yọ yíǹkì lára àbàwọ́n ni?

Mo délé, mo sọ fún Màmá. Ó ní kí n ṣàlàyé bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, fọ́tò inú kọ̀ǹpútà, àmì wínníwínní ni wọ́n tò pọ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rán mọ́ aṣọ. Píksẹ̀lì la ń pè wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù. Bí mo bá yí nọ́ńbà náà, àwọ̀ yóò yí."

"Ìlẹ̀kẹ̀ mélòó ló wà nínú fọ́tò ojú ìwé kan?"

"Ó lè tó mílíọ̀nù méjìlá."

"O ti ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n o ò ní í rí àwọn lẹ́tà mi o. Bó o bá fẹ́ ṣe é, ṣe é kí èmi fúnra mi lè tẹ̀ ẹ́."

Ó wá mú ìwé oko Bàbá fún mi láti fi dán an wò. Ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́, omi kan náà ló bà á jẹ́. Mo dúpẹ́. Èmi tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò tíì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nílò rí.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Keje

Fèrèsé ti ṣí. Ojú ìwé oko kan ti hàn nínú rẹ̀, ó tóbi, ó ṣókùnkùn. Ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àgbàdo tútù ti pọ̀ lọ́jà, mẹ́ta ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Keje

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án fún ojú ìwé kan ṣoṣo! Mo ní kí ètò tí mo kọ sọ ojú ìwé di dúdú, kó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di yẹ́lò, nítorí Màmá ní yẹ́lò lòun ṣì ń rí dáadáa jù. Ó ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa parí, mo ti se ẹ̀bà, mo ti jẹ ẹ́, mo ti fọ abọ́. Fèrèsé náà gan-an dì gbagidi, kò gbọ́ pé mo ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí iná láti àárọ̀, bẹntiróòlù sì ti fẹ́ẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún náírà lítà kan. Ta ni yóò máa tan jẹnẹrétọ̀ kí Màmá lè ka ìlà mẹ́wàá?

Mo mọ ẹ̀bi mi. Mo ń lọ bá píksẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń béèrè nọ́ńbà rẹ̀, mo ń yí i, mo ń lọ bá èkejì. Ó dà bí kí èèyàn fẹ́ kéde fún gbogbo Ìjerò, kó wá máa kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Keje

Mo ti ń gba odindi ìlà lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, dípò píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan mọ́. Mo pariwo débi pé Màmá sáré jáde.

Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà dagun. Ìlà kọ̀ọ̀kan yẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, títí ojú ìwé fi dà bí ògiri tó fẹ́ wó.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù Keje

Mo rí i! Láíbìrì tí mo ń lò, àkójọ ètò tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀, máa ń fi nọ́ńbà òfìfo dí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí iye tó wà nínú ìlà lè ṣeé fi mẹ́rin pín. Èmi kò ka òfìfo yẹn mọ́ ọn. Bí ẹni tó ṣi ihò bọ́tìnnì àkọ́kọ́ mú ni: gbogbo ìyókù ni yóò ṣì. Ìlà kan péré ni mo tún kọ, ojú ìwé sì nà gbọnrangandan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù Keje

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Àbàwọ́n ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá mú kí yíǹkì dúdú sí i, àbàwọ́n páálí náà á dúdú pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo bá fọ àbàwọ́n, yíǹkì á bá a lọ.

Mo gbé kọ̀ǹpútà àti ìwé oko lọ fi han Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlàdé tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà yíyà ní ilé ìwé wa. Ará Ayétòrò ni, ó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì, kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Kò wo kọ̀ǹpútà náà rárá. Ìwé oko fúnra rẹ̀ ló wò.

"Fúnmiláyọ̀, àwọ̀ wo ni yíǹkì yìí?"

"Búlúù, sà."

"Àbàwọ́n ńkọ́?"

"Bíi ti ilẹ̀ pupa, sà."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ọ̀rá pupa tí wọ́n fi ń di súìtì jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ojú ìwé. "Wò ó."

Mo wò ó. Àbàwọ́n ti lọ. Kò sí níbẹ̀ mọ́! Yíǹkì nìkan ló dúró, ó dúdú bí èédú.

"Ohun tó bá ní pupa lára, á parẹ́ nínú pupa," ló wí. "Ohun tí kò bá ní i, á ṣókùnkùn. Ẹ̀yin ò mọ̀yẹn nínú kọ̀ǹpútà ni?"

Ojú tì mí. Nínú nọ́ńbà mẹ́ta tí píksẹ̀lì ní, ti pupa nìkan ni kí n mú, kí n ju méjì tó kù nù. Nǹkan tí mo ń kọ́ ọmọ ìwé láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rá súìtì ló wá kọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Keje

Ọ̀rọ̀ pupa yẹn ṣiṣẹ́. Ohun tó kù ni ìdọ̀tí wínníwínní tó fọ́n ká ojú ìwé bí ìyẹ̀fun. Mo kọ òfin kan fún un: yíǹkì èyíkéyìí tí kò bá tó ìwọ̀n kan, pa á rẹ́. Ojú ìwé mọ́ tónítóní. Mo pe Màmá wá.

Ó gbé àga súnmọ́ ọn, ó gbé ojú òsì síwájú, ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Nígbà tó rí i, èémí rẹ̀ yí padà. Láti bí oṣù mẹ́rin, kò ka ohunkóhun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé:

"Oko ko wa. Mo gbe oko mi, mo rin lo si oko."

Ó dúró. Ó tún un kà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ìbínú.

"Bàbá rẹ gbé oko lọ sí oko? Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí? Bánjọ Bámigbóyè kì í kọ̀wé kó má fi àmì sí i! Ó máa ń yọ máàkì ọmọ nítorí àmì kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà rẹ ló jẹ ẹ́!"

Òótọ́ ni. Gbogbo àmì ìsàlẹ̀, gbogbo àmì ohùn, wọ́n kéré, wọ́n sì dá dúró, ni ètò mi bá pè wọ́n ní ìdọ̀tí, ó gbá wọn dànù. Ohun tí Bàbá kọ ni pé ọkọ̀ kò wá, pé òun gbé ọkọ́ òun, òun rìn lọ sí oko.

Màmá ní, "Tún un ṣe. Nínú lẹ́tà tèmi, àmì kan lè yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà." Ó bọ́ sí kíṣínì lọ bu ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó jẹun yó.

Ọjọ́rú, 30 oṣù Keje

Ilé ìwé ti ṣe ìparí sáà. Òfin tuntun: ìdọ̀tí tó bá dá wà jìnnà ni kó pa. Èyí tó bá súnmọ́ ọ̀rọ̀, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀, kó fi sílẹ̀. Ìdọ̀tí díẹ̀ ń rù ú là, ó sì ń sọ "o" di "ọ" nígbà mìíràn. Màmá ní ìyẹn kò burú, pé òun mọ Bàbá ju kọ̀ǹpútà lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kẹjọ

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlàdé fi pákó kan ohun tí yóò máa gbé fóònù dúró, tí ojú rẹ̀ á kọ sílẹ̀. Màmá kàn máa ti lẹ́tà sábẹ́ rẹ̀, á tẹ ibi tí wọ́n fi ń mú ohùn fóònù lọ sókè, fọ́tò á sì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. A lo ìwé oko fún ìdánrawò. Ìgbà mẹ́ta ló dorí ìwé náà kodò, ìgbà méjì ló ya fọ́tò ọwọ́ ara rẹ̀. Mo fi kún un pé bó bá tẹ "Y", kí àwòrán yí po. Bó bá tẹ bọ́tìnnì gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, kó lọ sí ìlà tó kàn.

Òjò ti dáwọ́ dúró. Iṣu tuntun ti dé ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí olówó oṣù lè súnmọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹjọ

Ó ní kí n jáde. Mo jáde. Ó ti ilẹ̀kùn.

Mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo ń pa ẹ̀gúsí. Fún ìgbà pípẹ́ n kò gbọ́ nǹkan kan. Mò ń ju ẹ̀gúsí nù, mo ń fi èèpo sínú abọ́. Bí ètò náà bá bà jẹ́, n kò gbọdọ̀ wọlé lọ wò ó. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe ohun tí èèyàn kò lè rí.

Ni mo bá gbọ́ tó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìyá mi. Ẹ̀rín ọmọdébìnrin kan ni, tí n kò bá pàdé rí.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kẹjọ

Ó ti ka mẹ́fà. Kò sọ nǹkan kan nípa wọn, èmi náà kò béèrè. Ó wọ aṣọ lésì lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹjọ

Ó jáde ní yàrá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan.

"Ìkeje ti lọ."

"Lọ sí ibo, Màmá?"

"Òfìfo ni. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo yí i sókè, mo yí i sódò. Òjò ti fọ̀ ọ́ dànù." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. "Gbogbo wọn ni mo lè pàdánù. Kì í ṣe ìyẹn."

Mo ní kó jẹ́ kí n wo àwòrán náà, ìṣẹ́jú kan péré. Ó ní rárá. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí n wo etí ìwé nìkan. Ó ní rárá. Mo bínú, Ọlọ́run dárí jì mí. Mo sọ fún un pé dókítà kì í wo àìsàn láti ẹ̀yìn ògiri. Ó dìde, ó wọlé.

Ọjọ́rú, 13 oṣù Kẹjọ

N kò ṣe nǹkan kan láàárọ̀. Mo kàn ń rò ó: ó rí mẹ́fà, kò rí ọ̀kan. Omi kan náà, páálí kan náà. Kí ló yàtọ̀ lára ìkeje?

Mo lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní kó má bínú sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ìbéèrè kan péré. N kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Bàbá kọ ìkeje, kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Ó ń máàkì. Wọ́n kó wọn lọ sí Kàdúná láti máàkì ìwé ìdánwò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kọ ọ́ láàárín iṣẹ́. Ó tọrọ àforíjì nínú rẹ̀ pé…" Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Pé kí ni?"

"Pé bírò tó wà lọ́wọ́ òun nìkan ni òun fi kọ ọ́."

Bírò pupa! Ohun tó bá ní pupa lára, á parẹ́ nínú pupa. Òjò kọ́ ló pa lẹ́tà náà rẹ́. Èmi ni.

Ọ̀sán òní ni mo fi bọ́tìnnì kan kún un, "P", fún bírò pupa. Bó bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà àwọ̀ ewé ni ètò náà yóò mú dípò ti pupa. Mo fi bírò pupa tèmi kọ̀wé sínú ìwé oko láti dán an wò. Àbàwọ́n kò lọ tán, ó dà bí ìkùukùu lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ hàn.

Ó ti ilẹ̀kùn. N kò lọ sẹ́yìn ilé. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, n kò lè purọ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ah. Bánjọ. Ìwọ nìyí."

Nígbà náà ni mo lọ sẹ́yìn ilé.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Kẹjọ

Ó ti ka lẹ́tà mọ́kọ̀ọ̀kànlá tán. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlàdé, mo sọ fún un. Ó ní kí n ra súìtì fún òun.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Kẹjọ

Mo rí nǹkan kan lónìí tó já mi láyà. Ètò mi ti ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo àwòrán sínú fódà kan láìjẹ́ pé mo pàṣẹ rẹ̀ tààrà. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, orúkọ wọn tò síbẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí ti ìkeje. Èmi nìkan ni mo wà nílé, Màmá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, n kò ṣí ọ̀kan. Mo tún ètò náà ṣe kó má ṣe é mọ́. Nígbà tó dé, mo jẹ́wọ́ fún un.

Ó gbá mi létí fẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ṣeré. "Ká ní o ṣí i ni, ohun tí wàá rí ni pé bàbá rẹ ń bú ọbẹ̀ ilá mi."

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Kẹjọ

Ó ṣì ń wọ yàrá lójoojúmọ́. Lẹ́tà kan náà ní ìgbà márùn-ún, mẹ́fà. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò hàn dáadáa. Ó ní ó hàn.

Ìyá Christiana, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ, ti gbọ́. Ó gbé ìwé orin rẹ̀ wá, ó ní ojú òun náà ti ń ṣe bákan. Mo ya ojú ìwé mẹ́ta fún un. Ó kọ orin náà láti òkè délẹ̀ níbi tó jókòó sí, kò sì fẹ́ lọ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹsàn-án

A lọ rí dókítà ní Adó. Ojú òsì ti tún sún sí i. Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, ó ń wo Màmá bí ẹni tó ń retí ẹkún. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun.

Nínú ọkọ̀, mo yíjú sí fèrèsé títí a fi kọjá Ìgèdè. Èmi ni ẹkún ń gbọ̀n. Nígbà tí a fẹ́ wọ Aramọkọ, mo wò ó, mo rí i pé ó ti di ojú méjèèjì, ètè rẹ̀ sì ń mì. Mo rò pé àdúrà ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí, ètè rẹ̀ tún ń lọ. Àdúrà kì í pa èèyàn lẹ́rìn-ín báyẹn.

Mo fọwọ́ kàn án léjìká. "Màmá, ṣé kò sí nǹkan kan?"

Kò la ojú.

"Mo ti dé lẹ́tà kẹrin, ojú ìwé kejì," ló wí. "Má já lu ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì."